Eṣinṣin Orí Pátákó Kilornan

Bí Ọlọ́run bá dá òkúta, tó fi í sílẹ̀ sínú òjò àti oòrùn títí koríko fi hù lórí rẹ̀, Phelim Gilhooly á ní ọwọ́ òun ló ti jáde. Ọkùnrin yìí ni ọ̀gá àgbà fún ohun àjogúnbá àti àlejò ní ìlú Dunavarra, ní Ireland, àti gbogbo ìgbèríko tó yí i ká. Iṣẹ́ náà kò ju kí ènìyàn rí i pé òrùlé ilé ìkóhun ìṣẹ̀ǹbáyé sí kò jò, kí wọ́n sì gé koríko ìdí ògiri ilé olódi lásìkò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tó ń bọ̀ létí odò láàárọ̀, tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀, tí ó ń dáhùn ìkíni tí ẹnikẹ́ni kò kí i, ẹ ó rò pé òun nìkan ló lé àwọn Viking, ọlọ́ṣà orí òkun ayé àtijọ́, kúrò nílùú.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ fún ohun tó pè ní Ọ̀rọ̀ Ìmọrírì. Oníkálùkù gbọ́dọ̀ dìde sọ ohun rere kan tí àlejò sọ nípa ọ̀gá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ará Amẹ́ríkà tó wá wo ilé olódi, tó jẹ ẹja, tó ya fọ́tò, tó bá tirẹ̀ lọ, níbo ló ti fẹ́ mọ Phelim Gilhooly? Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hùmọ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ilé olódi ló kọ́kọ́ ròyìn pé ará Jámánì kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, tó bú sẹ́kún, tó ní kí wọ́n fi ẹni tó tọ́jú àtẹ̀gùn náà han òun. Inú ọ̀gá dùn, ó ra tíì àti kéèkì fún gbogbo ọ́fíìsì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ará Jámánì méjì ló sunkún. Kí oṣù tó parí, kò sí ojú gbígbẹ mọ́ ní gbogbo Jámánì.

Ẹni tí wọ́n bá ń pọ́n lé báyìí kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún ojú ọ̀run. Ó kéde pé kí amọ̀nà kankan má sọ fún àlejò mọ́ pé òjò ń rọ̀. Kí wọ́n sọ pé ìtàn ń kán sílẹ̀. Ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Ireland wò, níbi tí òjò kì í dá, bóyá ènìyàn lè pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́ láìmáa pariwo ìtàn láti àárọ̀ di alẹ́.

Lẹ́yìn èyí ló kọjú sí màlúù. Ní abúlé Kilornan, ẹ̀bá òkè, ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ kan wà tó ti wó, ó ku ògiri, kànga mímọ́, àti ilé ìṣọ́ olókùúta gíga kan tó dúró ṣánṣán láàrin pápá. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Dinny Hanratty ló ni ilẹ̀ tó pààlà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn màlúù rẹ̀ ló sì máa ń wà lẹ́yìn nínú fọ́tò àwọn àlejò. Gilhooly rí ike yẹ́lò tó wà létí wọn. Ó ránṣẹ́ pe Dinny, ó ní màlúù àwọn mọ́ńkì kì í wọ yẹtí, kó bọ́ wọn kúrò. Dinny ṣàlàyé pé òfin ìjọba ni ike yẹn, pé màlúù tí kò bá ní in létí kò ṣeé tà. Ọ̀gá ní nígbà náà kí ó máa kó wọn pamọ́ sẹ́yìn ọgbà nígbàkígbà tí bọ́ọ̀sì àlejò bá ń bọ̀. Dinny dé fìlà rẹ̀, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Ẹni tó bá mọ àwọn ará Kilornan á mọ̀ pé "ó dáa bẹ́ẹ̀" tí wọ́n bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ, ọ̀ràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ìjòkòó kan ṣófo ní Dublin, olú ìlú Ireland: olùdarí ohun àjogúnbá fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Gilhooly fẹ́ ìjòkòó yìí bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fẹ́ ọmú. Ó ti ní kí ìyàwó rẹ̀ máa wo ilé ní Dublin. Ó ti ń fi ìbuwọ́lùwé tuntun dánra wò, èyí tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ìjòkòó náà wà, ọwọ́ Mínísítà Sorcha Ní Chonghaile, obìnrin ará erékùṣù ìwọ̀-oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Áíríìṣì, èdè àwọn baba wọn, jẹun àárọ̀, tí wọ́n sì fi ń bá ajá wí. Mínísítà yìí sì ti gbà láti wá ṣí ilé ìmọ̀ tuntun tí Gilhooly kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́ Kilornan.

"Áíríìṣì nìkan ni a ó kọ sórí gbogbo pátákó," ni ọ̀gá sọ níbi ìpàdé. "A kò ní kọ Gẹ̀ẹ́sì kankan síbẹ̀. Kí obìnrin náà dé, kó rò pé ilé ìyá rẹ̀ ni òun wà."

Gbogbo wọn mi orí. Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan fún yín nípa orí mímì yìí. Kò sí ọmọ tó dàgbà ní Ireland tí wọn kò kọ́ ní Áíríìṣì láti kékeré títí tó fi jáde ní ilé ìwé gíga. Ọ̀pọ̀ ló kọ́ ọ tí kò wọlé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dìde láàrin ọ́fíìsì kó ní òun ò gbọ́ èdè baba òun? Nítorí náà, bí Gilhooly bá ti fi "a chairde", ìyẹn ẹ̀yin ọ̀rẹ́, bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tó sì kùn ohun mélòó kan sí i nímú, gbogbo wọn á pa ojú pọ̀ bí ẹni tó wà níbi àdúrà òkú. Oníkálùkù rò pé òun nìkan ni kò gbọ́. Ọ̀gá pàápàá kò gbọ́ ohun tó ń sọ, mo fi Ọlọ́run bura.

Ọkùnrin tó ń ya pátákó tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Lẹ́tà wúrà lára igi dúdú, ó dára lójú. Gilhooly bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan lẹ́tà kan.

"Kí ni àwọn eṣinṣin wọ̀nyí?"

Ọkùnrin náà ní kì í ṣe eṣinṣin, àmì ni, òun ni wọ́n ń pè ní fada, ó máa ń wà lórí àwọn lẹ́tà kan nínú Áíríìṣì.

"Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ṣé mo ní n kò mọ̀ ni? Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí ni wọ́n ń wá lórí pátákó mi? Ẹ wo ilé ìṣọ́ Kilornan bó ṣe ga, tó mọ́, tó jọ̀lọ̀. Ǹjẹ́ nǹkan kan bà lé e lórí?"

Igbákejì rẹ̀, Assumpta Tuohy, obìnrin kan tó mọ àkókò tó yẹ kí ènìyàn rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, rántí pé kannakánná kún orí ilé ìṣọ́ náà fọ́fọ́. Kò sọ ìyẹn. Ó kàn ní, "Ọ̀gá, sísítà kan tó kọ́ wa nílé ìwé máa ń sọ pé tí àmì yẹn bá ti já bọ́, ọ̀rọ̀ náà lè…"

"Lè kí ni?"

Assumpta wo ojú ọ̀gá. Ó wo ojú àwọn yòókù, gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà ara igi tábìlì. "Ó lè rọrùn láti kà sí i, sà."

"Ẹ ẹ̀ rí i?" ni Gilhooly wí. "Ẹ pa àwọn eṣinṣin náà."

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá, tó gbàgbé àmì, ọkọ́ ni wọ́n lè gbé lé e lọ́wọ́, kó sì máa ro oko lọ sí Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Áíríìṣì rí. Léann, pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀, ìmọ̀ ìwé ni. Leann, láìsí àmì, ọtí bíà ni. Féar ni koríko. Fear ni ọkùnrin. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ni Phelim Gilhooly máa bi léèrè, nígbà tó jẹ́ pé òun ló mọ gbogbo nǹkan?

Wọ́n ri àwọn pátákó náà mọ́lẹ̀. Nuala Hanratty, àbúrò Dinny, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé abúlé, ló kọ́kọ́ kọjá níbẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó ka èyí tó tóbi jù, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ka àwọn kéékèèké inú pápá, ó bá fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ilé Ọtí Bíà Kilornan, ni ìjọba kọ. Àwọn kéékèèké tó yẹ kó sọ pé kí ènìyàn má rìn lórí koríko ń sọ pé kí ènìyàn má rìn lórí ọkùnrin náà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo abúlé ti gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì pe ọ́fíìsì Dunavarra. Ní Kilornan, bí wọ́n bá rí ẹni tí ìgbéraga ń gbé lọ sínú kòtò, wọn kì í ké sí i. Wọ́n á wá ibi tí wọ́n lè jókòó sí, kí wọ́n lè ríran dáadáa.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Oòrùn yọ, èyí tí Gilhooly náà gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ó dé pẹ̀lú Assumpta, ó rí i pé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti kún ẹnu ọ̀nà. Orí rẹ̀ wú. Kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí níbi ohun tó jẹ mọ́ ìwé. Ohun kan ṣoṣo ló yà á lẹ́nu díẹ̀: gbogbo wọn ló gbé ife dání. Àwọn ìyá àgbà gbé kọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù fún abúlé náà gbé ife ẹ̀yẹ fàdákà tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá wá, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, ẹni méjì ló rù ú.

Ó wọ inú pápá, ibẹ̀ ló ti rí èyí tó tún ju ìyẹn lọ. Nídìí pátákó kékeré kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan sùn gbalaja sórí koríko, wọ́n wọ kóòtù ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ká ọwọ́ sí àyà. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni Dinny Hanratty.

"Dinny, kí lẹ̀ ń ṣe nílẹ̀ yẹn?"

"Pátákó yín là ń tẹ̀ lé, sà."

"Pátákó wo?"

Dinny kò dìde. Ó fi ìka hàn án. "Eléyìí. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ná. Àbí ohun mìíràn lẹ ní lọ́kàn?"

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí. Ohun tó lè gbà á là kò ju kó ní, "Jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti jẹ́wọ́. Ó wo pátákó, ó mi orí bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. "Rárá o. Ohun tí mo ní lọ́kàn gan-an nìyẹn. Ẹ kú iṣẹ́."

"A dúpẹ́, sà," ni Dinny wí, ó dijú padà.

Ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó rọra bi Assumpta pé kí ló dé tí wọ́n ń sùn kiri. Assumpta ní òun kò mọ̀, àfi bóyá tó bá jẹ́ àṣà àtijọ́ kan ni. Ọkàn ọ̀gá balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àṣà àtijọ́! Iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni àṣà àtijọ́.

Nígbà tí Mínísítà dé, obìnrin kúkúrú tó wọ bàtà òjò, ó dúró níwájú pátákó ńlá. Ó kà á. Ó tún un kà. Nǹkan kan mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n Gilhooly ti gun orí pèpéle.

"Mínísítà wa ọlọ́lá, ẹ̀yin ọmọ Ireland lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin òkúta tó gbọ́ ohùn àwọn ẹni mímọ́! Wọ́n ní àwọn ènìyàn wa kò fẹ́ràn ìmọ̀ mọ́. Mo ní irọ́ ni! Ẹ wo ife lọ́wọ́ wọn! Ẹ wo bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ wọ́n! Láti àárọ̀ ni wọ́n ti dúró síbí láti mu ohun tí mo pèsè fún wọn. Mo sì ṣèlérí fún yín pé kò sí ẹni tó máa kúrò níbí lónìí tí kò ní yó!"

Àtẹ́wọ́ tó tẹ̀ lé e, kò gba irú rẹ̀ rí láyé. Àwọn tó ru ife ẹ̀yẹ gbé e sókè.

"Ẹ sì wo àwọn ọkùnrin wa nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àṣà tó ti kú ni, àṣà àwọn mọ́ńkì, tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀. Èmi ni mo wá a rí. Èmi ni mo jí i dìde!"

"Ó jí wa lóòótọ́," ni ohùn kan wí láti inú koríko. "Mo ti ń sùn lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Gilhooly rò pé ìfẹ́ ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí Mínísítà, ìjòkòó Dublin ti ń mú ìdí rẹ̀ gbóná. Mínísítà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì bá a sọ Áíríìṣì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kedere, bí ènìyàn ṣe ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ohun tó bi í ni pé irú bíà wo ni àwọn mọ́ńkì fi sílẹ̀ fún un, àti pé ṣé ó ti ṣeé tọ́ wò.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Mínísítà dúró. Ó tún bi í ní ìbéèrè náà, ó ń wojú rẹ̀. Àwọn oníròyìn na ẹ̀rọ wọn síwájú. Gilhooly ṣí àpótí inú orí rẹ̀, ó wá gbogbo ohun tí wọ́n fi bébà àti pàṣán kọ́ ọ nígbà èwe, ó rí i pé gbogbo rẹ̀ ti ṣá, àfi gbólóhùn kan tó pé pérépéré, tó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. Kò ráyè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbé àyà síwájú, ó fi ohùn ńlá tó fi ń ṣí ilé sọ ọ́ jáde:

"An bhfuil cead agam dul go dtí an leithreas?"

Nínú gbogbo Áíríìṣì tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yìí láti ọjọ́ yìí wá, èyí nìkan ló yé gbogbo ènìyàn láìku ẹnì kan, nítorí kò sí ọmọ ilé ìwé kan ní Ireland tí kò na ọwọ́ sókè sọ ọ́ rí. Ó ń béèrè bóyá wọ́n lè fún òun láyè láti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín bú. Ìyá àgbà kan ju kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Àwọn tó sùn sílẹ̀ dìde jókòó kí wọ́n má baà pàdánù ìran. Ojú Mínísítà nìkan ni kò yí padà. Ó gbé àgbọ̀n sókè bí tíṣà.

"Mo fún ọ láyè," ló wí, ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí, kí ó lè yé e. "Ó yá, máa lọ."

Kí ni kó ṣe? Bí ó bá dúró, ó ti sọ pé òun kò mọ ohun tí òun béèrè. Ó lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníke tí wọ́n háyà wà ní òpin pápá lọ́hùn-ún, ọ̀nà náà sì gùn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Dinny, Dinny tún sùn sílẹ̀ dáadáa níwájú rẹ̀, ó ní òun bẹ̀ ẹ́, kó má rìn lórí òun, òfin ni. Ọ̀gá yí i po. Ó yí èyí tó tẹ̀ lé e náà po. Bó ṣe ń yí wọn po lọ nìyẹn, kámẹ́rà lẹ́yìn rẹ̀, títí tó fi wọlé, tó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rín ń dún lóde, lẹ́yìn náà ohùn, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ tó ń jìnnà lọ. Ojú tì í gidi, àánú rẹ̀ á ṣe ènìyàn bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni. Nígbà tó yá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Assumpta ni, sà."

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n ti lọ sílé ọtí. Mínísítà bá wọn lọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ìjọba ti kọ ọ́ síta pé bíà wà, ó yẹ kẹ́nì kan fún àwọn ènìyàn ní bíà."

"Kí ni obìnrin náà bá ẹ sọ? Mo gbọ́ ohùn ẹ."

"Ó bá mi sọ Áíríìṣì, sà. Mo ní mi ò gbọ́."

"O sọ bẹ́ẹ̀? Níwájú gbogbo wọn?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní mo kọ́ ọ títí mo fi jáde ilé ìwé, mi ò sì gbọ́, àti pé mo mọ̀ pé kò yẹ ká yọ àwọn àmì yẹn, mo sì panu mọ́. Ó ní èmi lẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ irú ẹ̀ fóun látìgbà tóun ti dé ọ́fíìsì."

Nígbà tí Gilhooly tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ìjòkòó Dublin ńkọ́?"

"Ó ní kí n wá rí òun nítorí ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, sà."

"Ìwọ?"

"Èmi."

"Èmi wá ńkọ́, Assumpta? Kí ló ní kó o sọ fún mi?"

Assumpta ronú bóyá kí òun dín ọ̀rọ̀ náà kù, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé kò sí ohun tó ń dẹ́rù ba òun mọ́.

"Ó ní kí ẹ má kánjú, sà. Ó ní àyè tóun fún yín ò ní gbèdéke."

Ó yí padà, ó lọ bá àwọn yòókù nílé ọtí.